Ersilio Tó Ń Gbẹ́lẹ̀ Lábẹ́ Ilé Onílé

Ọgbọ̀n ọdún ni Ersilio Cafaro fi ń gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ ilé onílé kí ilé wọn má baà wó, tí òun fúnra rẹ̀ ń sun yàrá àyágbé kiri. Nígbà tí ògiri ilé ìyá arúgbó kan, Donna Assuntina, sán ní Naples ní Ítálì, òun ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ rán lọ. Ìyá arúgbó náà kọ̀, kò kó jáde. Nínú ilé ìdáná rẹ̀ gan-an ni Ersilio ti fi ẹ̀rọ lu ihò tóóró-tóóró títí ó fi kan àpáta. Ó ki irin gbọọrọ bọ̀ wọ́n, ó da sìmẹ́ǹtì sí i, kí ilé lè rí ohun dì mú. Lójoojúmọ́ ni ìyá ń bu ẹ̀wà fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Ersilio ní, "Màmá, iṣẹ́ parí o. Ilé yín kò ní yẹ̀ mọ́."

Inú ìyá kò dùn. "Látìgbà tí àwọn ọmọ mi ti lọ sí Jámánì, ariwo ẹ̀rọ burúkú rẹ yìí nìkan ló bá mi gbélé. Ta ni màá máa bá jà báyìí?"

Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé Ersilio lọ sí ìlú mìíràn ń fun fèrè níta. Ó jókòó padà, ó na àwo rẹ̀.

"Ẹ tún bù sí i, Màmá."

Wọ́n jọ jẹun tán. Nígbà tó jáde, ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n Ersilio kò lè bojú wẹ̀yìn.