Imú Tí Mo Yá Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì lè dá gbé korobá omi rù, èmi ni imú ìyá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní ìyá àgbà tún ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe wí yẹn náà ló rí. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìjàyè, epo pupa sì ni ìyá mi ń tà. Wọn a lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe epo nínú oko káàkiri, wọn a rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, wọn a sì gbé e wá sí Moniya lọ́jọ́ ọjà.

Ẹni tó bá ń ta epo nígbà náà, imú ló fi ń ṣòwò. Ojú nìkan kò tó, torí epo tó ti bàjẹ́ náà lè pọ́n dáadáa. Wọn a ta á sí àtẹ́lẹwọ́, wọn a fi ọwọ́ kejì pa á, wọn a wá gbé e sún mọ́ imú. Epo tó ti kan, epo tó jóná, epo tí wọ́n fi nǹkan lú, gbogbo wọn ló ní òórùn tiwọn, ìyá mi sì mọ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe mọ orúkọ àwa ọmọ wọn. Àwọn oníbàárà kì í tilẹ̀ yẹ epo wọn wò. Bí ìyá mi bá ti gbà á, ó parí nìyẹn.

Lọ́dún kan, ibà dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A rò pé wọn ò ní dìde mọ́. Wọ́n dìde, a dúpẹ́, ọ̀rọ̀ àìsàn sì ti kúrò lẹ́nu wa. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ti ibi eré dé, tí mo bá wọn nídìí ààrò. Ẹ̀wà ń jóná níwájú wọn, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo agboolé, wọ́n sì jókòó pẹ̀sẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́. Mo pariwo pé, "Màmá, ẹ̀wà ti jóná!" Wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n wò ó, wọ́n wá wò mí. Mi ò rí ẹ̀rù lójú ìyá mi rí títí di ọjọ́ yẹn.

Wọ́n ní, "Mi ò gbọ́ òórùn kankan mọ́ látìgbà tí mo ti dìde àìsàn. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Tí wọ́n bá gbọ́ lọ́jà pẹ́nrẹ́n, oúnjẹ wa ti tán."

Bí mo ṣe di imú nìyẹn. Ibikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ ra epo, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì, bí ọmọ tó ń ṣe ojúmìító. Bí epo bá dára, màá di etí ìró wọn mú. Bí kò bá dára, màá máa họ orí. Ìyá mi á wá ta epo sọ́wọ́, wọ́n á gbé e símú, wọ́n á fajú ro, wọ́n á ní, "Èyí ti kan, ẹ gbé e kúrò." Ẹni tó ni epo á sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Tí a bá ti rìn jìnnà díẹ̀, àwa méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn nígbà náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọmọ márùn-ún ni wá, èmi nìkan ni wọ́n ń mú kiri, èmi nìkan ni wọ́n sì ń ra àkàrà fún.

Ó wá ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìjọ aláṣọ funfun kan ṣe ìkórè. Àwọn ìyá ìjọ ní kí ìyá mi gbé kẹ́ẹ̀gì epo ńlá méjì wá. Kẹ́ẹ̀gì wa kò tó, ni ìyá mi bá ra ọ̀kan kún un lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù. Ọkùnrin náà sọ ọ́ létí mi pé òróró ẹ̀pà ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá mi fi omi gbígbóná àti eérú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sá a sí oòrùn.

Èmi, ọ̀fìnkìn ti ń ṣe mí láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Imú mi kò ṣàn mọ́, ṣùgbọ́n òórùn kò tíì padà síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì náà, ìyá mi bi mí pé, "Ọ̀fìnkìn yẹn ńkọ́?" Mo ní ó ti lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á mú àbúrò mi dípò mi.

Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì náà síwájú mi, wọ́n ní kí n gbọ́ òórùn rẹ̀ dáadáa. Mo ti imú bọ ẹnu rẹ̀, mo fa èémí sínú, mo sì gbọ́ òórùn ẹ̀pà. Ẹ gbọ́ mi yé o. Mi ò díbọ́n. Mo gbọ́ ọ fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń yan ẹ̀pà nílé kejì. Mo ní, "Ẹ̀pà ni, Màmá. Ó mọ́."

Kẹrosíìnì ni wọ́n ti rọ sínú kẹ́ẹ̀gì náà rí.

Àwọn ìyá ìjọ da epo sínú ìkòkò ẹ̀wà ńláńlá. Ìgbà tó gbóná ni òórùn rẹ̀ tó tú jáde, gbogbo oúnjẹ ìkórè sì di ìdànù. Mẹ́ta nínú wọn wá bá wa ní Moniya. Àgbà inú wọn kò pariwo. Ó kàn rọ epo náà, tí oòrùn ọ̀nà ti mú gbóná, sínú ife, ó gbé e sí ìyá mi nímú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀, kí ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa."

Ìyá mi fa èémí sínú. Wọ́n rọra wo ẹ̀gbẹ́ wọn níbi tí mo dúró sí. Èmi náà kò gbọ́ òórùn kankan, jìnnìjìnnì ti bò mí, mo sì di etí ìró wọn mú bí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ṣe ń di ìyá rẹ̀ mú. Wọ́n rò pé àmì wa ni. Wọ́n gbórí sókè, wọ́n ní, "Epo gidi ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Àwọn ará ìsọ̀ tó yí wa ká yíjú sí wa. Láti ibi tí wọ́n jókòó sí ni wọ́n ti ń gbọ́ òórùn kẹrosíìnì. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta, àánú sì ló fi sọ ọ́. Ó ní, "Yéè, ìyá yìí ò gbọ́ òórùn mọ́!"

Ó tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ra epo lọ́wọ́ wa mọ́. Kí ọdún náà tó parí, ẹ̀gẹ́ ni ìyá mi ń bá àwọn ẹlòmíì bó, wọ́n sì ṣe é títí ẹ̀yìn wọn fi tẹ̀. Wọn ò bá mi wí lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí ikú wọn sún mọ́, èmi ni mo ń tọ́jú wọn. Mo ti pinnu pé màá jẹ́wọ́. Mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì ọjọ́sí yẹn…" Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, "Ó mọ́ nígbà tí o gbọ́ òórùn ẹ̀. Oòrùn tí mo tún gbé e sí lẹ́yìn ìgbà yẹn ló fa kẹrosíìnì jáde. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ìwọ ò já mi kulẹ̀ rí." Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú, mi ò sì sọ ọ́.

Ajíbọ́dé ni mo ń gbé báyìí, mo fi yàrá háyà fún àwọn ọmọ yunifásítì. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ nípa bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un. Ó ní, "Màmá, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ọpọlọ kì í dúró de imú. Wọ́n ti sọ fún yín pé ẹ̀pà ni, òórùn ẹ̀pà náà ló sì gbé fún yín." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kọ́ ló sọ fún ìyá mi pé ọ̀fìnkìn ti lọ. Èmi tí mo la ojú sílẹ̀ ni mo pa irọ́ yẹn.

Láti ìgbà ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì yẹn, kò sí epo tí mo ṣí tí mi ò gbọ́ òórùn kẹrosíìnì nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Èmi ò lè mọ̀ ọ́n mọ́.

Ayé ti yí padà. Inú ike tí wọ́n dé pinpin ni epo wà lọ́jà báyìí, bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ṣí i wò, wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó. Kò sẹ́ni tó ń ta á sí àtẹ́lẹwọ́ mọ́, ojú ni gbogbo wa fi ń rà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe ọmọ ọmọ mi kan pé kó wá bá mi gbọ́ òórùn epo tí mo fẹ́ fi se ọbẹ̀. Orí àga ló wà, kò gbójú kúrò lára fóònù. Ó ní, "Epo náà dáa, Màmá." Ike náà sì wà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Mi ò bá a wí. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a wí? Mo da epo náà síkòkò. Òórùn kẹrosíìnì ni mo ń gbọ́ títí ọbẹ̀ fi jinná, mo sì bù ú jẹ.