Iṣan Ọwọ́ Dotse

Ní etíkun Keta ní ilẹ̀ Gánà, bí ogún ọkùnrin bá ń fa àwọ̀n bọ̀ láti inú òkun, Dotse nìkan ni kì í fọwọ́ kan okùn. Agogo ló ń lù, orin ló ń dá fún wọn. Ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́, ó sì ń gba ẹja bíi tàwọn tó ń làágùn. Ọwọ́ rẹ̀ wá sanra, ó ń dán, ó rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun.

Ọwọ́ yìí ló fẹ́ fi gba Sefako níyàwó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Agbenyega, bàbá ọmọbìnrin náà, ti ń sọ káàkiri pé ọkùnrin tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ kò bá yọ, ọ̀lẹ ni, kò ní fẹ́ ọmọ òun. Bàbá tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ọdún kẹwàá rèé tó ti jókòó sórí àga láìṣiṣẹ́ kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìtọrọ, Dotse so rọ́bà mọ́ apá ọ̀tún rẹ̀ pinpin, ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn lé e. Kò pẹ́ tí iṣan fi yọ gànnàgànnà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ fi han Yawo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó! Ta ló máa sọ pé mi ò fa àwọ̀n rí?"

"Ó mà ti ń dúdú o."

"Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dúdú!"

Nígbà tí àwọn méjèèjì dé ilé Agbenyega, wọ́n bọ gbogbo ilé lọ́wọ́. Agbenyega yí ọwọ́ Dotse síwá sẹ́yìn, ó mi orí, inú rẹ̀ dùn. Ó wá dìde láti ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá. Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún pe àwọn ìyàwó wọn. Kó tó parí, Dotse kò mọ̀ bóyá òun ṣì ní ìka. Nígbà tí wọ́n gbé ọtí fún un, ife já bọ́. Wọ́n bu òmíràn. Ó mọ̀ pé èébú ni kéèyàn fi òsì gba ọtí nílé àna, síbẹ̀ òsì ló nà.

Ilé pariwo. Mama Kafui, ìyá àgbà Sefako, ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì já rọ́bà náà.

"Ọ̀dẹ̀ lọmọ yìí o! Wo iṣan tèmi, ṣé àwọ̀n ni mo ń fà ni? Ọ̀rá ló tán lára mi, awọ fẹ́lẹ́ ló kù. Ọ̀rá ló bo tìẹ mọ́lẹ̀!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Agbenyega náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rọra ki ọwọ́ gbígbẹ tirẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ.

Sefako nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Dotse, láti àná ni bàbá mi ti gbà fún ẹ. Mo sọ fún wọn pé akọrin lásán ni ẹ́, wọ́n ní kò burú."

Sefako gbé ìgò ọtí ìtọrọ tí Dotse gbé wá, ó gbé e lé Yawo lọ́wọ́ pé kó máa gbé e lọ sílé.