Ẹ̀rí Tí Dókítà Fúnminíyì Jẹ́

Eyín ni Fúnminíyì ń yọ jẹun. Ọmọ Ọ̀kà ni, Ọ̀kà náà ló ń gbé, ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn eyín ni wọ́n kọ sára ògiri ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Dókítà ni gbogbo ayé ń pè é. Kó tó fi ẹ̀mú kan ẹnu ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ gbàdúrà. Àdúrà rẹ̀ kì í gùn. "Olúwa, di ọwọ́ mi mú." Ó tán. Onígbàgbọ́, mùsùlùmí, ẹni tó ń bọ òrìṣà, gbogbo wọn ló ń ṣe Àmín, nítorí ẹni tí eyín ń dùn kì í bá èèyàn jà lórí ẹ̀sìn.

Àìsàn kan wá bá a. Làkúrègbé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí àwọn àgbà ń fi òrí pa. Oríkèé ìka ni èyí ń jẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìka rẹ̀ á wú, á ká kò bí ẹsẹ̀ ẹyẹ tó ti kú. Omi gbígbóná ló fi ń nà án. Wọ́n sọ fún un ní ọsibítù ní Ọ̀wọ̀ pé kò sí oògùn tó lè lé e lọ pátápátá. Èyí tó ń tì í mọ́lẹ̀ ló wà, kó má dá lílò rẹ̀ dúró. Ó ń lò ó. Ó ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan á dáa, lọ́jọ́ mìíràn kò ní dáa.

Ìjọ rẹ̀ ní Ọ̀kà kò gbà kó rí bẹ́ẹ̀. Màmá Ojúọlá ni olórí àwọn obìnrin aládùúrà níbẹ̀. Opó ni, ó ti dàgbà, òun ló kọ́ Fúnminíyì ní ẹsẹ Bíbélì àkọ́sórí nígbà tó wà ní kékeré. Ó kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n gba ààwẹ̀ lórí ọwọ́ náà. Ààwẹ̀ ò tíì tán tí Fúnminíyì jí lọ́jọ́ kan, tí ìka rẹ̀ nà gbọọrọ. Ó di ìkúùkù, ó tú u. Kò dùn ún.

Ó mọ̀ pé àìsàn yìí a máa lọ, a sì máa bọ̀. Ìwé tó kà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn rántí ìwé. Nígbà tí olùṣọ́àgùntàn bèèrè lọ́jọ́ Ìsinmi pé ta ló ní ẹ̀rí, Fúnminíyì dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dì í, ó ń tú u.

"Ọlọ́run ti wo ọwọ́ mi sàn."

Ìjọ hó yèè. Màmá Ojúọlá yí gbirigbiri nílẹ̀, gèlè rẹ̀ yí lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Nínú ìjọ yẹn, ẹni tó bá ti jẹ́rìí ìwòsàn, tó tún ń gbé oògùn mì, ó ti sọ Ọlọ́run di onírọ́. Ẹnikẹ́ni ò kéde rẹ̀ rí. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n.

Bridget ìyàwó rẹ̀ gbé oògùn wá bó ṣe máa ń gbé e.

"Bàbá Àyànfẹ́, oògùn yín rè é."

"Gbé e padà."

"Ṣé àwọn ará Ọ̀wọ̀ ló ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀?"

"Bridget, mo dìde lójú ìjọ."

"Ìjọ kọ́ ló máa bá yín wọ bàtà o. Èmi ni."

Fúnminíyì ti oògùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bridget gbé e padà.

Kò pẹ́ tí àìsàn náà fi dé, ó dé bí ẹni tí wọ́n bú ní baba. Fúnminíyì padà sórí oògùn ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n oògùn ọ̀hún kì í yára ràn. Bridget ló ń bá a dé bọ́tìnì. Bó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, á fi apá gbá Bíbélì mọ́ àyà, kí ẹnikẹ́ni má baà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ní Ìkàrẹ́, Àsíátù, obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló ń ṣí ìgò, tó ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Kò bèèrè nǹkan kan. Eyín tó bá le, Fúnminíyì á ní kí wọ́n máa lọ sí Ọ̀wọ̀. Àwọn tó ti Àjọwá àti Ìfira wá ń ráhùn lọ.

Màmá Ojúọlá ò ráhùn. Ó wọlé, ó jókòó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó fi odidi kókò sẹ́nu. Eyín èrìgì ìsàlẹ̀ ni.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ Ọ̀wọ̀."

"Ọ̀wọ̀ kẹ̀? Kí ni Ọ̀wọ̀ ní tí o ò ní?"

"Èyí le, Màmá."

"Ebi tí mo fi gba ọwọ́ yẹn náà le. Fúnmi, mo ti sọ fún gbogbo Ọ̀kà pé ọwọ́ tí Ọlọ́run wò ni yóò yọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Ìwọ ni mo ń tọ́jú rẹ̀ dè."

Àsíátù bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń tọ́jú iṣu de ọmọ, ẹ̀yin ń tọ́jú akokoro!"

"Pa ẹnu dé, Àsíátù," ni Màmá wí. "Gbé iṣẹ́ rẹ wá."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí Fúnminíyì sọ̀rọ̀. Ó la ẹnu. Ó wo ojú obìnrin náà, bó ṣe ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó gba ẹ̀bùn nílé ìwé. Àdúrà ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Olúwa, di ọwọ́ mi mú."

Àmín Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ mi fèrèsé.

Àsíátù bá a ti abẹ́rẹ́. Ẹnu Màmá kú tipiri. Fúnminíyì fi ẹ̀mú di èrìgì mú, ó mì í. Ó dúró. Ó tún mì í. Ìrora gbéra láti ọmọńdinrín dé ìgúnpá, àtàńpàkò rẹ̀ sì kọ̀. Ẹ̀mú yẹ̀. Eyín kán. Orí rẹ̀ bọ́ sórí ahọ́n Màmá, gbòǹgbò rẹ̀ kù sínú.

Ẹ̀mú já bọ́ sílẹ̀. Àsíátù ló bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Màmá, ó ti padà," ni Fúnminíyì wí. "Ọwọ́ mi. Ó ti pẹ́. Mo ń fi í pamọ́ fún yín."

Màmá tu ẹ̀jẹ̀ sínú abọ́. Apá kan ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. "Má gba ẹ̀rí rẹ sẹ́yìn. N óò tún bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lónìí."

"Màmá, ẹ ò lè gba ààwẹ̀. Egbò wà lẹ́nu yín."

"Ṣé mo ti ń rí oúnjẹ jẹ tẹ́lẹ̀ ni?"

Bridget, tí wọ́n pè wá láti Ọ̀kà, ló fi mọ́tò gbé Màmá lọ Ọ̀wọ̀. Wọ́n la ẹran ìdí eyín, wọ́n yọ gbòǹgbò. Nígbà tí Màmá padà dé Ọ̀kà, wọ́n bi í pé ta ló yọ ọ́. Ó ní Fúnminíyì ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Fúnminíyì dìde. Ẹnikẹ́ni ò tíì bèèrè ẹ̀rí. Ó ní òun ò sàn. Ó ní òun ń gbé oògùn mì, òun yóò sì máa gbé e mì títí òun yóò fi kú. Ó ní òun lòun kán eyín mọ́ Màmá lẹ́nu. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò bò ó.

Olùṣọ́àgùntàn gba ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́ o. Ọ̀tá fẹ́ gba ọwọ́ yìí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣé a óò gbà fún un?"

"Rárá o!"

Wọ́n jáde sí i. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n dì í níka mú, wọ́n ń mì í bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. Màmá Ojúọlá, tí wọ́n fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ló gba ọwọ́ ọ̀tún. Bó ṣe ń pe Jésù ló ń fún un. Bridget ń ké láti ẹ̀yìn pé ẹ rọra, ẹ rọra. Orin bo ohùn rẹ̀. Omijé bọ́ lójú Fúnminíyì. Wọ́n rí i, wọ́n ní Ẹ̀mí ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún fún un le sí i.

Ó fẹ́ sọ pé ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ nítorí òun?

"Àmín," ló ń wí. "Àmín, Àmín," kí wọ́n lè tètè parí.

Wọn ò parí.