Ìborùn Tó Wà Lọ́rùn Ìyálé

Ọdún mẹ́ta ṣáájú kí Télọ̀ tó gbéyàwó ló ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ìyàwó wọlé, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ìyálé rẹ nìyí o." Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ níwájú irin, ó kí i. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ kì í mọ́ kó má sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyálé. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Télọ̀ a sì máa bá ẹ̀rọ dáhùn: "Ó ní kí o gbálẹ̀ dé kọ̀rọ̀." Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ṣe àwàdà yìí, kò sú wọn.

Ṣùgbọ́n àwàdà náà wọ Télọ̀ lára jù. Bí òwú bá já, á ní inú ń bí Ìyálé. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, á ní ẹnì kan ló sọ̀rọ̀ sí i. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ọ tí òróró bá ń gbẹ nínú rẹ̀. Kí n má parọ́, mi ò rí ọkùnrin tó gbọ́ èdè irin tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́sẹ̀ kan tí òjò kò dá, aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé kún yàrá ìránṣọ, ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì ń bọ̀ wá kó o. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ni Télọ̀ wí. "Jẹ́ kó sinmi lọ́jọ́ méjì."

Ó ta òróró sí i, ó mú ìborùn ìyàwó rẹ̀ lórí àga, ó fi bò ó nítorí òtútù. Ìyàwó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ ṣẹ́tí ṣòkòtò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wúkọ́.

"Ọkọ mi, òtútù ń mú mi. Ìborùn mi ńkọ́?"

"Ìyálé ń lò ó."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Ó dáa náà. Ìyálé ń sinmi, ìyàwó ń ṣiṣẹ́. Ṣebí bí ilé ṣe rí nìyẹn."

Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Kò dìde lọ mú un, obìnrin náà kò sì tún béèrè.

Nígbà tí wọ́n fi máa kó aṣọ lọ lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó kò lè mí dáadáa mọ́. Dókítà bi Télọ̀ pé ọjọ́ mélòó ló ti ń wúkọ́. Ọkùnrin tó mọ ọjọ́ tí òróró gbẹ, kò mọ ọjọ́ tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni obìnrin náà kú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, wọ́n ti sọ ọ́ tipẹ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó padà sídìí ẹ̀rọ. Ó dá a lójú pé Ìyálé máa ṣọ̀fọ̀: òwú á máa já, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́. Ó ká ìborùn kúrò lórí rẹ̀, ó ki aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ń lọ geere. Ìsinmi ti ṣe é lóore.

"O ò tiẹ̀ béèrè rẹ̀," ni Télọ̀ wí. "Ẹni tó ń kí ọ láràárọ̀."

Ẹ̀rọ kò fèsì. Irin ni.

Télọ̀ gbé ìborùn bo imú, ó ń wá òórùn ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀. Òórùn òróró ẹ̀rọ nìkan ló gbọ́.