Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣí Ère Olómi ní Sabon Gari

Ọjọ́ tí ìjọba ṣí ère olómi ní Sabon Gari, Zaria, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ti gbẹ láti ìgbà ọyẹ́, ọjọ́ kejì sì ni suna, ìyẹn ìsọmọlórúkọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. A kò ní omi tí a ó fi dáná.

Ère ọkùnrin kan dúró ní oríta, wọ́n mọ adágún kékeré yí i ká. Ọ̀gá ìjọba kan sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó ní ọkùnrin yìí ló mú omi ẹ̀rọ wọ ìlú. Ìyá mi, ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ, rọra béèrè pé, "Alhaji, ta ló wá mú un jáde?"

Ọ̀gá náà na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ère náà. Ó tẹ nǹkan kan, omi sì tú sókè, ó ń dán bíi dígí. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kí a tó mọ̀, àwọn ìyá ti gbé garawa dé.

Ọlọ́pàá kan ní, "Wíwò ni, kì í ṣe pípọn."

Ìyá mi ti ki garawa bọ adágún. Ó ní, "To, ó dáa, ilé ni a ti fẹ́ wò ó."

Kí ọ̀gá tó wọ mọ́tò, omi ti tán. Ìgbà náà ni a rí tánkà tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn ìsọ̀, òun ló ń fún ère lómi.

Suna náà dùn, ìrẹsì sì kárí àlejò. Ìyá mi gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìjọba tún wá ṣí ère náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.