Kọ́kọ́rọ́ tó ń há nínú mọ́tò ìyá bàbá mi

"Jáde. Mo ní kí o jáde."

Kọ́kọ́rọ́ ni ìyá bàbá mi, tí à ń pè ní Màmá, ń bá wí. A ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì ní Rosettenville, mọ́tò ti kú, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lójú ihò rẹ̀. Màmá fà á títí, kò jáde. Wọ́n mi sítíárì sọ́tùn-ún, wọ́n mì í sósì, irin inú rẹ̀ ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Wọ́n ti jíà síwájú, wọ́n fà á padà. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n tún dì í mú. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo gbé báàgì ilé ìwé lé ẹsẹ̀, ebi ń pa mí, òórùn búrẹ́dì gbígbóná sì ń gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ká fi í sílẹ̀, ká lọ ra búrẹ́dì. Màmá kò wojú mi.

"Ká fi í sílẹ̀ fún ta ni?" ni wọ́n wí.

Ní Johannesburg, ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀, takisí ni yóò wọ̀ padà sílé. Nítorí náà, bí kọ́kọ́rọ́ bá ti há, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró ti mọ́tò. Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù, Màmá á dúró. Bí Màmá bá fẹ́ fọwọ́ ara wọn ṣa tòmátì, èmi á dúró, màá ti gbogbo ilẹ̀kùn pa láti inú, màá sì máa wo gbogbo ẹni tó ń kọjá bí ẹni pé olè ni wọ́n.

Ọjọ́ Ìsinmi ló burú jù. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan là ń lọ ní Turffontein. Bí kọ́kọ́rọ́ bá há lọ́jọ́ náà, Màmá á wa mọ́tò sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á yí gíláàsì sílẹ̀, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á sì jọ́sìn látorí ìjókòó awakọ̀ nínú sùtánà funfun wọn. Wọ́n á kọrin, wọ́n á pàtẹ́wọ́, nígbà mìíràn ìgbọ̀nwọ́ wọn á kan hóònù, gbogbo ìjọ á sì bojú wẹ̀yìn. Èmi tí mo wà lórí bẹ́ǹṣì inú ilé, ilẹ̀ ni màá máa wò.

Ìjẹ̀ṣà ni Màmá. Kí wọ́n tó bí bàbá mi ni wọ́n ti ń wakọ̀ kó aṣọ láti ọjà dé ọjà, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń jáde sẹ́nu ọ̀nà láti wo obìnrin tó ń wakọ̀. Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wọn, torí pé bí wọ́n bá wá sin gbèsè, orí òṣòó ni wọ́n máa ń wà títí wọn á fi gba owó wọn. Ọwọ́ tí Màmá fi mú kọ́kọ́rọ́ náà nìyẹn. Lẹ́yìn tí bàbá bàbá mi kú, àwọn òbí mi mú wọn wá sọ́dọ̀ wa, bàbá mi sì ra ọkọ̀ funfun àtijọ́ kan fún wọn kí wọ́n lè máa gbé mi lọ sílé ìwé. Màmá kò ga. Orí tìmùtìmù ni wọ́n ń jókòó lé kí wọ́n tó lè rí títì. Róòbù, èèpo ọsàn àti àbẹ́là ni inú mọ́tò náà máa ń rùn.

Bàbá mi bẹ Màmá títí ẹ̀bẹ̀ fi sú wọn.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ bá ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni."

"Màá gbé e lọ fúnra mi."

"Ìgbà wo?"

"Tó bá yá."

Kò yá. Òróró ni Màmá mú jáde, èyí tí wọ́n gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú ìgò kékeré ló wà nínú báàgì wọn. Wọ́n kán an sójú kọ́kọ́rọ́, wọ́n ka Sáàmù, wọ́n yí i. Ó rọ̀ lóòótọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn ló sì ba gbogbo nǹkan jẹ́, torí Màmá gbà pé iṣẹ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀, ìgbà òtútù la wà, òjò kì í rọ̀ nígbà náà. Afẹ́fẹ́ ń gbé eruku rẹ́súrẹ́sú wá láti orí àwọn òkìtì tí àwọn tó ń wa góòlù nínú ilẹ̀ kó jọ láyé ijọ́un. Eruku náà ń wọ ibi gbogbo, ó sì ń lẹ̀ mọ́ òróró. Bó bá ti há, Màmá á tún kán òróró sí i.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi fìka kan ojú kọ́kọ́rọ́ náà, wọ́n gbé ìka náà símú.

"Màmá, kí lẹ dà síbí?"

"Òróró."

"Òróró wo?"

"Èyí tí wọ́n gbàdúrà sí."

Bàbá mi gbé iwájú orí lé òrùlé mọ́tò. "Màmá, irin ni. Irin ò mọ àdúrà."

"Ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n," ni Màmá wí, wọ́n sì wọlé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bí Màmá ti ń di irun mi, mo bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi jẹ́ kí bàbá mi gbé mọ́tò lọ. Ìyarun ń ha mí lórí.

"Bí mọ́tò yẹn bá lọ, kò ní í padà," ni wọ́n wí. "Mo mọ ọmọ tí mo bí. Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé mo ti dàgbà jù láti máa wakọ̀. Tí mọ́tò ò bá sí, inú yàrá yìí ni màá wà. Takisí ibí, ìka ni wọ́n fi ń dá a dúró, mi ò sì mọ ìka tí wọ́n ń nà fún ibo."

Mo gbọ́, àmọ́ kò wọ̀ mí lára. Ohun tó dùn mí ni pé òtútù ń mú mi nínú mọ́tò lójoojúmọ́ nítorí kọ́kọ́rọ́.

Ìyá mi kò tilẹ̀ wọ mọ́tò náà rí. Ọmọ Soweto ni wọ́n, ọmọ Sulu, bàbá wọn sì wa takisí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní bí jàǹbá bá máa pa àwọn, kó pa àwọn nínú mọ́tò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í há. Àwọn àti Màmá kì í jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì Màmá kéré, ìyá mi kò sì gbọ́ Yorùbá ju ìkíni lọ, nítorí náà èmi ni ògbufọ̀ wọn. Ìyá mi ń pè wọ́n ní Gógò, ìyẹn ìyá àgbà lédè Sulu, bí gbogbo àdúgbò ti ń ṣe. Màmá ń pe ìyá mi ní Ìyàwó.

Oyún wà nínú ìyá mi lọ́dún yẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ilé ìwé wà ní ìsinmi, omi ya lára wọn nínú kíṣìnì. Bàbá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Hillbrow, fóònù wọn ń dún, wọn ò gbé e. A pe ọkọ̀ aláìsàn, wọ́n ní ó ń bọ̀, ká máa retí. A retí títí tí ìyá mi fi di etí tábìlì mú, tí wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá wọ bàtà, wọ́n mú báàgì, wọ́n ní ká lọ.

A gbé ìyá mi sí ìjókòó ẹ̀yìn. Màmá ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò. Ó wọlé, kò yí. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n nù ún lára aṣọ, wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́. Kò yí. Ọwọ́ wọn lọ sí ìgò òróró.

Ìyá mi fi èdè Sulu sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, apá kan nínú rẹ̀ kò ṣeé tú.

"Kí ló wí?" Màmá bi mí.

"Wọ́n ní ẹ má dà á," ni mo wí. "Wọ́n ní sítíárì ló ti há. Kí ẹ fà á sápá kan, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ṣé ó fẹ́ kọ́ mi ní mọ́tò wíwà ni?"

Ìyá mi bi mí ohun tí Gógò sọ. Mo ní wọ́n ní ó ṣeun.

Màmá fà á, wọ́n yí i, ṣùgbọ́n agbára ọwọ́ wọn kò tó láti ṣe méjèèjì pọ̀. Mo ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò. Ìgbà náà ni ìyá mi ṣílẹ̀kùn, wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ gbé inú wọn, wọ́n ní kí n bọ́ sẹ́yìn, wọ́n sì jókòó síwájú. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n di sítíárì mú, wọ́n fi gbogbo ara fà á sọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n mi orí sí Màmá. Màmá yí kọ́kọ́rọ́. Nǹkan ké kẹ́ nínú irin, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Gbogbo rọ́bọ́ọ̀tì, iná tó ń dá mọ́tò dúró, ló ń pọ́n fún wa lójú ọ̀nà. Bí ìrora bá dé, ìyá mi á di itan Màmá mú, Màmá á sì máa ní, "Pẹ̀lẹ́, Ìyàwó, pẹ̀lẹ́," wọn ò sì gbójú kúrò lójú títì.

Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, Màmá pa mọ́tò, wọ́n fa kọ́kọ́rọ́. Dájúdájú, kò jáde. Àwọn nọ́ọ̀sì ti gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá, wọ́n ti gbé ìyá mi lé e, wọ́n ti ń tì í lọ. Ìyá mi bojú wẹ̀yìn, wọ́n na ọwọ́.

"Gógò," ni wọ́n wí, "ẹ wá."

Èdè Sulu ni wọ́n fi sọ ọ́. Mi ò tú u, Màmá kò sì bi mí. Màmá wo ọwọ́ tí ìyá mi nà sí wọn, wọ́n wo kọ́kọ́rọ́. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n jáde nínú mọ́tò, wọn ò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ń ta mí nímú. Inú ń bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Gbogbo ọ̀sán tí mo ti fi ṣọ́ mọ́tò yẹn, gbogbo búrẹ́dì tó tutù kí n tó jẹ ẹ́, wọ́n sì wá fi í sílẹ̀ báyìí, ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè mí wọlé, ìyá mi ń sùn. Màmá gbé àbúrò mi ọkùnrin mọ́ àyà, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà, ojú wọn kò sì sí níbi tí mo wà rárá.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tá a jáde. Mọ́tò wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan nínú àwọn tó ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò, tí wọ́n ń bá èèyàn ṣọ́ mọ́tò, fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Éìṣì, Gógò," ni ó wí, "kọ́kọ́rọ́ yín wà nínú. Mo fẹ́ bá yín yọ ọ́ pa mọ́, ó kọ̀."

Mo tú u fún Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sí etí títì. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti sáré bá wa, èémí wọn ń já.

"Ọkùnrin ni," ni Màmá sọ fún wọn. "Mọ́tò rẹ nìyẹn. Máa gbé e lọ."

Agékọ́kọ́rọ́ tú ojú kọ́kọ́rọ́ náà, ó ní gbogbo rẹ̀ ti dì bí ọ̀dà. Eyín kọ́kọ́rọ́ pàápàá ti jẹ tán. Ó fọ ihò náà mọ́, ó bu ìyẹ̀fun dúdú gbígbẹ bíi ti inú pẹ́ńsùlù sí i, ó sì gé kọ́kọ́rọ́ tuntun. Bàbá mi ló sọ èyí fún wa, ṣùgbọ́n wọn ò gbé mọ́tò wálé. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé e sí. Màmá kò béèrè. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí pẹ̀lú ọmọ lórí ẹsẹ̀.

Ìyá mi ló béèrè, nídìí oúnjẹ, wọn ò sì gbóhùn sókè. "Mọ́tò Gógò dà?"

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí.

"Ta ló gbé mi lọ bímọ?" ni ìyá mi wí. "Ìwọ ni?"

Mọ́tò padà wálé. Màmá jókòó sínú rẹ̀ nínú àgbàlá, wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ń yọ ọ́, láìlọ síbì kankan. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n ní iṣẹ́ agékọ́kọ́rọ́ yẹn kò dára, pé kọ́kọ́rọ́ náà ti rọ̀ jù. Bàbá mi dìde, wọ́n jáde nínú yàrá.

Màmá wakọ̀ títí ojú wọn fi di bàìbàì. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Fúnra wọn ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún ìyá mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní rọ́bọ́ọ̀tì ti di méjì lójú àwọn. Màmá ti sùn báyìí, nílé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn.

Bàbá mi náà ti darúgbó. Wọ́n ń gun àkàbà lọ tún páànù tó ń jò ṣe, wọ́n ń gbé àpótí tó wúwo, wọn kì í jẹ́ ká bá wọn lọ sí báǹkì. Inú ń bí mi sí wọn bíi kí n bú sẹ́kún, mo sì máa ń fẹ́ já àkàbà náà gbà. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kan nǹkan wọn, mo ti kọ́ láti béèrè pé, "Dádì, tí mo bá gba èyí lọ́wọ́ yín, kí lẹ ò ní lè ṣe mọ́?" Wọn kì í tètè fèsì. Mo máa ń dúró títí wọ́n á fi sọ ọ́.