Àtẹ́wọ́ Ajíbóyè ní Òṣòòrò

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Ajíbóyè. Àlejò tó bá dé ìlú wa, ìlú kékeré tó wà lẹ́yìn àwọn òkè Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, tó sì ní òun fẹ́ wo omi tó ń já láti orí àpáta, òun ni wọ́n máa ní kó lọ bá. Àgbẹ̀ kòkó ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà orí òkè bíi tirẹ̀. Ó mọ ibi tí àpáta ti ṣe bí àga, téèyàn lè jókòó sí kó máa wo òrùlé páànù ìlú àti ọ̀nà Àkúrẹ́ tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ. Ó mọ ihò àpáta tí àwọn baba wa sá sí nígbà ogun, tí àdán ti gbà lọ́wọ́ wọn báyìí. Omi náà là ń pè ní Òṣòòrò. Ìpele mẹ́ta ló fi ń já. Bí o bá dé ìpele kejì, òtútù á mú ọ lọ́sàn-án gangan.

Òfin kan wà níbẹ̀. A kì í pe orúkọ èèyàn létí Òṣòòrò. Wọ́n ní omi á kọ́ orúkọ náà, á sì máa fi pe olúwarẹ̀ títí yóò fi wá. Bí o bá fẹ́ pe ẹnì kan, àtẹ́wọ́ ni wàá pa: ẹ̀ẹ̀mẹta, kíákíá. Oníṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wa, Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé, a sì ń bú àwọn abọ̀rìṣà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n mo ti fojú mi rí katikíìsì wa tó ń pàtẹ́wọ́ pe ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀. N kò rí ẹni tó bi í léèrè.

Tóyọ̀sí, ẹ̀gbọ́n mi, a máa ta ọsàn fún àwọn àlejò ní ìpele kejì. Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún 1967, ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ kan wá láti Òṣogbo, wọ́n kún inú ọkọ̀ akẹ́rù kan bámúbámú. Òjò kò tíì máa rọ̀ dáadáa, omi náà kéré. Síbẹ̀, bí wọ́n ti fojú kàn án, inú wọn dùn, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni Tóyọ̀sí gbé igbá ọsàn rẹ̀, tó ń fẹ̀yìn rìn láti yà fún wọn, tó sì ń lọ síbi òkúta kan tó ń yọ̀ bí ilá. Ajíbóyè rí i. Kò jìnnà sí i ju bí ilé wa ti jìnnà sí kànga lọ. Ó pàtẹ́wọ́: ẹ̀ẹ̀mẹta, kíákíá. Àtẹ́wọ́ rẹ̀ sọnù sínú àtẹ́wọ́ àwọn aránṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò bojú wẹ̀yìn.

Ikú ń pa alágẹmọ tó ń yọ́ rìn. Láti kékeré ló ti ń gun òkè yẹn. Igbá ọsàn rẹ̀ la kọ́kọ́ rí nísàlẹ̀.

Ajíbóyè kò sunkún. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún mú àlejò lọ. Ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, bí ọmọ iléèwé tó ń ka àkọ́sórí: "Èyí ni ìpele kìíní. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Èyí ni ìpele kejì. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín." Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún un, á jẹ ẹ́. Bí n kò bá gbé e lọ, kò ní bèèrè. Kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe lóko. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ń sọ nípa ọjọ́ yẹn, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè: "Bí mo tilẹ̀ pè é, kò ní gbọ́. Ariwo omi pọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé e dìde láàárọ̀.

Inú rẹ̀ ń bí mi, n kò ní purọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé omi ò pọ̀. Ọdún méje ni mo fi ń gbé iyán fún un, tí mo sì ń retí ọjọ́ tí irọ́ náà máa já lójú rẹ̀. Fẹ̀hìntọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí, kò lè retí ní tirẹ̀. Ó bi bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé, "Kí ló dé tí ẹ ò pe yèyé mi?" Nígbà tó gbọ́ ìdáhùn tí gbogbo wa mọ̀, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó lọ di olùkọ́ ní Òṣogbo, ojú rẹ̀ sì wá wọ́n nílé.

Oṣù keje ọdún 1974 ló wá, òun àti Raliat, olùkọ́ bíi tirẹ̀, ọmọ Òkè-Fìà ní Òṣogbo, tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Raliat ló fẹ́ wo omi. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, torí bàbá àti ọmọ kò ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìpele kìíní la ti ń pariwo ká tó lè gbọ́ra.

Ajíbóyè sọ òfin náà fún àlejò. Raliat rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ta ló tiẹ̀ máa gbọ́ orúkọ nínú ariwo yìí?"

"Kò sẹ́ni tó máa gbọ́." Ajíbóyè yára sọ ọ́. Fẹ̀hìntọlá ń wo ilẹ̀.

Ní ìpele kejì, Raliat ní òun fẹ́ ya ọ̀rẹ́ òun ní fọ́tò. Ó fi ojú kan sínú kámẹ́rà, ó ń juwọ́ sí i pé kó sún sẹ́yìn, kó tún sún. Fẹ̀hìntọlá ń fẹ̀yìn rìn lọ síbi òkúta tó ń yọ̀. Mo rí ọwọ́ Ajíbóyè méjèèjì tó gbéra. Wọ́n dé iwájú àyà rẹ̀, wọ́n dúró síbẹ̀. Wọn ò pàdé.

"Fẹ̀hìntọlá!"

Ọmọ náà dúró lójú ẹsẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ibi tí òun fẹ́ tẹ̀, ó rọra yẹsẹ̀ kúrò.

"Ẹ pè mí, Bàbá?"

"Máa bọ̀ níbí."

Ó wá, ó di bàbá rẹ̀ lápá mú. Raliat ń bẹ̀bẹ̀. Ajíbóyè gba apá rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, ó lọ jókòó sórí àpáta. Kò sọ̀rọ̀ òfin tó rú. N kò rò pé ó rántí rẹ̀. Mo lọ bá a níbi tó jókòó sí.

"Ó gbọ́, Susannah," ó sọ fún mi. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pè é. Ó gbọ́."

Ohun tí mo ti ń retí láti ọdún méje nìyẹn. Ó dé, n kò sì rí ìdùnnú kankan nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

"Omi ò pọ̀ lónìí, Bọ̀ọ̀dá," ni mo wí. Mo ní láti pariwo kó tó gbọ́ mi. "Tọjọ́ yẹn pọ̀ ju èyí lọ. Tóyọ̀sí ò lè gbọ́."

Ó wo Òṣòòrò. Ó wo ìró mi, tí omi tó ń ta sí wa ti mú kó rin gbingbin. Ó dìde.

"O ṣé," ó wí. "Jẹ́ á re ulé."